Àwọn Obìnrin Tí Wọ́n Bèèrè Ìṣirò ní Ààfin Aké

Bí Ẹ̀gbá bá ń ki ara wọn, orúkọ Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà ni wọ́n fi í ṣíde, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò jọba rí. Àgbẹ̀ ni. Ní ìgbà ayé rẹ̀, ní apá ìkẹyìn ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn Ìlàrí tí Aláàfin rán wá ń jókòó káàkiri àwọn ìlú inú igbó Ẹ̀gbá, wọ́n ń gba owó ìsìn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè iye tí ó dé Ọ̀yọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ohun tí ó bá wù wọ́n kún un. Lísàbí ni ó kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ àáró, tí wọ́n ń bá ara wọn ro oko lójú gbogbo ayé, tí wọ́n sì ń bá ara wọn dìtẹ̀ lábẹ́lẹ̀, títí ó fi di ọjọ́ tí gbogbo ìlú dìde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àjàgà Ọ̀yọ́ sì bọ́ kúrò lọ́rùn wọn. Ẹni tí yóò bá sọ ìtàn àwọn obìnrin tí wọ́n yí ààfin Aké ká ní 1947, tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òyìnbó àti ìwé tí òyìnbó kọ́ wa, ààbọ̀ ìtàn ni yóò sọ, nítorí kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà Olúmọ ni Ẹ̀gbá ti mọ bí a ti í bèèrè ibi tí owó ìlú wọlẹ̀ sí.

Ní nǹkan bí 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó ìyókù Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́n ká wá sábẹ́ àpáta Olúmọ, níbi tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó. Òun náà kò jọba, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi ẹnikẹ́ni jẹ Aláké ní ìlú tuntun náà títí ó fi papòdà. Ó di 1854 kí Okùkẹ́nù tó gorí oyè. Láàárín ìgbà náà, ìlú ńlá tí a fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú kéékèèké kọ́ pọ̀ dúró láìní ọba kan lórí gbogbo wọn, ìgbìmọ̀ ni ó gbé e ró. Ẹ̀gbá Aláké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu, oníkálùkù ni ó mú ìlànà tirẹ̀ wá láti ilé, ní ìlú kọ̀ọ̀kan sì ni àwọn Ògbóni ti ń jókòó láti gbèrò àti láti dá ẹjọ́, tí àwọn Olórógun ń mójú tó ọ̀rọ̀ ogun, tí àwọn Pàràkòyí ń mójú tó ọjà àti òwò, tí àwọn Ọdẹ sì ń ṣọ́ odi àti igbó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá nǹkan ńlá ṣe kí àwọn tí ó kù má gbọ́ sí i. Nígbà tí Ẹ̀gbá sì wá fi ọba jẹ, ọba tí yóò jókòó láàárín àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fi jẹ, ọba tí Ògbóni lè wò lójú kí wọ́n sì wí fún un pé ọ̀nà tí ó ń tọ̀ yìí kò sunwọ̀n.

Èmi kò ní torí èyí sọ pé ayé àtijọ́ kò ní àléébù. Ẹrú wà nínú agbo ilé àwọn ìjòyè wọ̀nyí tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá, ìgbà pípọ̀ sì ni àgbà ń gbè fún àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé Ògbóni. Bí Orò bá sì ké lálẹ́, obìnrin, ì báà lówó ju ọkọ rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, yóò wọlé, yóò sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Síbẹ̀ obìnrin kò ṣàìní ẹnu. Nígbà tí Dahomey gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1864, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà, Ẹfúnróyè Tinúubú, oníṣòwò tí òkìkí rẹ̀ ti kàn láti Èkó, wà lára àwọn tí wọ́n fi ohun ìjà àti ọrọ̀ wọn gba ìlú sílẹ̀, ní ọdún náà ni a sì fi í jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá. Ìyálóde ìgbà náà kì í ṣe oyè tí a fi ń wọ aṣọ lọ sí òde lásán. Ẹni tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ó ń kó ohùn ọjà lọ bá àwọn ọkùnrin tí kì í ná ọjà, ohùn náà sì ń dé etí wọn.

Tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ ni àṣẹ òyìnbó fi wọ ìlú yìí. Nínú àdéhùn 1893, Gómìnà Èkó gbà pé Ẹ̀gbá wà lómìnira, ní 1898 sì ni a dá Ìjọba Àpapọ̀ Ẹ̀gbá sílẹ̀, tí Aláké Gbádébọ̀ Kìíní jẹ́ olórí rẹ̀, tí Adégbóyèga Ẹdun sì di akọ̀wé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìjọba tí ó ní iyì ni, ó ń gba owó ibodè, ó ń la ọ̀nà, ó sì ń tẹ ìwé ìkéde tirẹ̀ jáde. Ó dùn mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó nínú pé ìlú dúdú kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ imú òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń yìn ín, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará oko ń kùn, nítorí ọwọ́ tí ń la ọ̀nà náà, ọwọ́ tiwọn ni, a kì í sì í bi wọ́n bí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní 1914, Ṣóbíyì Pọ́nlàdé, àgbà ìjòyè kan ní Ìjemọ̀, kọ̀ láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀nà. Wọ́n mú un, ó sì kú sọ́wọ́ ìjọba. Ìjemọ̀ fárígá. A pe àwọn ọmọ ogun òyìnbó wá, ìbọn dún ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ẹ̀jẹ̀ ṣàn nílẹ̀, kò sì tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí òmìnira Ẹ̀gbá fi dópin.

Ọdún mẹ́rin péré ni ó tẹ̀lé e tí Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó, fi mú owó-orí wọlé. Kí a tó gbà á pé ará oko ni kò fẹ́ san owó, kí a rántí pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò ṣàì mọ owó ìlú rí: oníbodè wà, àwọn Pàràkòyí ń gba tiwọn lọ́jà, Ògbóni ń gba owó ẹjọ́, àwọn tí wọ́n ń san án sì mọ ẹni tí ó gbà á, wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò bá a níbi tí wọn yóò ti bi í. Owó-orí tuntun yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń wọ inú àpò kan tí kò ní ojúlé. Ní oṣù kẹfà 1918 ni ogun Adúbí bẹ́ sílẹ̀, wọ́n hú irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ reluwé, wọ́n pa Òṣílẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, òyìnbó sì fi ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun Jámánì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ó kú. Owó-orí dúró.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà, èmi kò sì rò pé àwọn tí ń kọ ìtàn máa ń dúró níbẹ̀ pẹ́ tó. Nínú ètò tí Lugard gbé kalẹ̀, ọba ni òyìnbó yóò máa gbà ṣe ìjọba, nítorí náà a wá ọba tí yóò dá dúró fún gbogbo ìlú, a sì fún Aláké ní àṣẹ tí ó jẹ́ pé òun nìkan ṣoṣo ni a kà sí ìjọba Ẹ̀gbá lábẹ́ òfin. Àwọn ìjòyè ṣì ń wá sí ìpàdé, wọ́n ṣì ń dé fìlà, wọ́n ṣì ń dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni wọ́n ń mú wá. Bí ọba bá gbà á, ó gbà á, bí kò bá gbà á, ẹjọ́ parí. Kì í ṣe pé kò sí ìwé ìṣirò o. Akọ̀wé ń kọ ọ́ létòlétò, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn. Ọba tí ó ti máa ń jíhìn fún Ògbóni rí wá ń jíhìn fún òyìnbó. Ìwé tí ó yẹ kí ó kọjú sí ọjà kọjú sí òkè, ẹni tí ó bá sì san owó náà ni kò ní rí i. Ta ni yóò wá yẹ iṣẹ́ ẹni tí a ti fi ṣe gbogbo ìjọba wò? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì ni ó bá ètò yìí nílẹ̀ nígbà tí ó gorí ìtẹ́ ní 1920. Kò yẹ kí a sọ ọ́ di òǹrorò inú àlọ́. Ọlọ́gbọ́n ni, ó mọ̀wé, ó mọ òyìnbó í bá sọ̀rọ̀, nínú ilé rẹ̀ sì ni Adétòkunbọ̀ ti jáde, ẹni tí ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ olórí adájọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè wa ní 1958. Ṣùgbọ́n ikún ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ikún ń rèdí: ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí ènìyàn fi ń pàṣẹ tí a kì í bi í léèrè ti tó láti mú un gbàgbé pé a lè bi òun.

Lórí obìnrin ni owó náà ti wúwo jù. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san owó-orí tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, a kò sì wo iye tí ó ń wọlé fún un. Láti ọmọ ọdún 15 ni a ti ń gbà á lọ́wọ́ ọmọbìnrin, nígbà tí a fi ọmọkùnrin sílẹ̀ di ọdún 16. Àwọn agbowó-orí a máa já wọ ilé, bí wọ́n bá sì ń jiyàn lórí ọjọ́ orí ọmọ, wọn a máa bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láti wo àyà rẹ̀ bóyá ó ti tó ẹni tí ń sanwó. Ìyá tí ó ti rí èyí lójú ara rẹ̀ kò nílò ọ̀mọ̀wé tí yóò ṣàlàyé ìjọba fún un. Àwọn aláàdìrẹ ti fi ìbínú bá Aláké fa ọ̀rọ̀ aró òyìnbó àti sóódà ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí ó fi òfin de méjèèjì. Nígbà tí ogun Hitler sì dé, tí ìjọba ń wá oúnjẹ fún ọmọ ogun, àwọn òṣìṣẹ́ ọba ń gba ìrẹsì lórí àwọn tí ń tà á, nígbà mìíràn ní owó tí kò tó nǹkan, nígbà mìíràn láìsan kọ́bọ̀.

Ní àkókò kan náà, ní ilé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Girama Abẹ́òkúta, ìyàwó rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ti ní ẹgbẹ́ kékeré kan láti 1932, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n kàwé, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ilé. Ìyá yìí ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ Girama náà, ó sì ti lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó lọ́kọ. Ẹgbẹ́ tí ì bá fi ìjókòó dáadáa parí ayé rẹ̀ ni, bí kò bá ṣe pé obìnrin ọlọ́jà kan sọ fún un ní àárín ogun pé òun fẹ́ mọ ìwé kà, èyí ni ó sì mú kí ó ṣí ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò kàwé. Àwọn ọlọ́jà wá láti kọ́ a-b-d, wọ́n sì kó ẹjọ́ ìrẹsì àti owó-orí wá pẹ̀lú. Olùkọ́ wá di akẹ́kọ̀ọ́. Kò pẹ́ tí ó fi bọ́ ẹ̀wù òyìnbó sílẹ̀, tí ó ń ró ìró, tí ó ń wọ bùbá, tí ó sì ń bá àwọn òyìnbó ìjọba sọ Yorùbá kí àwọn fúnra wọn lọ wá ògbufọ̀. Nígbà tí ó di 1946, ẹgbẹ́ náà ti di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, àwọn fúnra wọn sì ń ka ọmọ ẹgbẹ́ tí ń dáwó sí 20,000.

Ohun tí wọ́n ń bèèrè yẹ fún àfiyèsí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n kàn kọ owó-orí ni. Wọ́n kọ̀ ọ́ lóòótọ́, ìyáàfin Ransome-Kuti fúnra rẹ̀ kọ̀ láti san án, a sì pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ìlú bá ń fẹ́ owó, kí a lọ bu owó-orí lé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń kó èrè ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ sókè òkun. Wọ́n ní kí a ná owó ìlú sí ọ̀nà, sí ìmọ́tótó àti sí ẹ̀kọ́, kí ẹni tí ó san án lè fi ojú rí i. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọba pé ó ń fi ipò rẹ̀ wá ọrọ̀ fún ara rẹ̀. Wọ́n ní kí a fagi lé àṣẹ ẹnìkan ṣoṣo, kí a fi ìgbìmọ̀ tí ìlú yàn rọ́pò rẹ̀, kí obìnrin sì jókòó níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò sí níbi tí a ti ń pín in kì í mọ bí a ti pín in. Nínú gbogbo èyí, èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ba àwọn aláṣẹ lẹ́rù jù. A lè dín owó-orí kù, kí àṣẹ má sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ ti gba ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́dọọdún.

Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, a kò kà á sí. Àìfinipeni, àìfènìyànpènìyàn, ni ó mú ará oko sán bàǹtẹ́ wọ̀lú. Nígbà tí ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní àṣẹ ìwọ́de, wọ́n ní àwọn kò ṣe ìwọ́de, ìgbafẹ́ ni àwọn ń lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọlọ́pàá lè yin èéfín atanilójú, wọ́n kọ́ ara wọn bí a ti í fi aṣọ bo imú àti ojú. Ní ìparí oṣù kọkànlá 1947, obìnrin tí ó lé ní 10,000 jáde lọ sí ààfin Aké, wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ ní ọ̀sán, wọ́n sùn síbẹ̀ ní òru, wọ́n sì ń fi orin sọ fún ọba ohun tí àwọn ìjòyè kò lè sọ fún un lójúkojú. Ẹni tí ó bá mọ orin àwọn obìnrin Ẹ̀gbá yóò mọ̀ pé kò sí ohun kan tí wọ́n bò mọ́ra. Ọba ṣèlérí pé òun yóò dá owó-orí wọn dúró ná. Wọ́n lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún mú àwọn kan nínú wọn torí owó-orí náà, wọ́n padà dé ní oṣù kejìlá, wọn kò sì dìde níbẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì, títí a fi dá àwọn tí a mú sílẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí ó jẹ́ ọmọdé nínú ọgbà Aké nígbà náà, tí ó sì ń sáré jíṣẹ́ fún àwọn obìnrin wọ̀nyí, ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ìwé Aké tí ó jáde ní 1981.

Àwọn Ògbóni ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ni à ń wí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, àwọn obìnrin tí wọ́n pọn ọmọ náà ni wọ́n sì tún un ṣe. Ó di 1948, nígbà tí wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, kí àwọn ìjòyè tó kọ ẹ̀yìn sí Aláké. N kò dá wọn lẹ́bi pátápátá: ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ń ti ọwọ́ ìjọba wá, tí Ajẹ́lẹ̀ sì lè gba fìlà lórí rẹ̀, kò ní irú ìgboyà tí baba rẹ̀ ní ní ilé Ògbóni. Èyí náà wà lára ohun tí àṣẹ ẹnìkan ṣe fún Ẹ̀gbá. Ní oṣù keje ọdún náà, Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Ní 3 oṣù kìíní 1949, ó kọ̀wé pé òun fi oyè sílẹ̀.

A fagi lé owó-orí àwọn obìnrin. A fagi lé àṣẹ ẹnìkan, a sì gbé ìgbìmọ̀ fìdíhẹ kan kalẹ̀ tí a fi obìnrin mẹ́rin sí, tí ìyáàfin Ransome-Kuti wà nínú wọn: mẹ́rin, nínú ìlú tí obìnrin tí ó lé ní 10,000 ti sùn síta. Ní oṣù kejìlá 1950, Adémọ́lá padà wálé, àwọn tí wọ́n fẹ́ ọba wọn pọ̀, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí ó fi wàjà ní 1962, ṣùgbọ́n kò bá àṣẹ àtijọ́ náà nílẹ̀ mọ́.

Ní 1951 ni a dìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ìyáàfin Ransome-Kuti sì dúró fún ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC. Òfin ìdìbò náà so ẹ̀tọ́ ìbò mọ́ ẹni tí ń san owó-orí. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kì í san án mọ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n jà títí a fi gbé e kúrò lọ́rùn wọn; nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ì bá dìbò fún un kò ní ìbò. Ó fìdí rẹmi.